Àgúnmu Tí Po-tsu Bù Sínú Oúnjẹ Ọkọ Rẹ̀

Ní abúlé Hai-bue, létí òkun ní gúúsù Taiwan, ẹni tó bá fẹ́ bá Po-tsu jiyàn lórí ọ̀rọ̀ oògùn, kí ó yáa jẹun yó kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwé tí obìnrin náà kà kò pọ̀, ṣùgbọ́n ó mọ ohun tí ń wo ẹ̀yìn dídùn, ó mọ ohun tí ń wo orí fífọ́, bí dókítà bá sì sọ ohun tó yàtọ̀ sí tirẹ̀, yóò ní ọmọdé ló ń ṣe é. Ta ló kọ́ ọ? Rédíò ló kọ́ ọ.

Iṣẹ́ ìṣáwùrú òkun ni àwa obìnrin Hai-bue ń ṣe. Abẹ́ àtíbàbà la máa ń jókòó sí lórí àpótí kéékèèké láti àárọ̀, tí a ó máa fi ọ̀bẹ ṣí ìkarahun, tí a ó máa yọ ẹran inú rẹ̀ sínú abọ́. Ọwọ́ nìkan ni iṣẹ́ yìí ń lò, etí kò rí nǹkan ṣe. Nítorí náà rédíò kì í sinmi, ohùn ọkùnrin kan tí gbogbo wa ń pè ní Ẹ̀gbọ́n Hong ló sì máa ń wà nínú rẹ̀. Yóò kọ orin àtijọ́ kan, yóò pa àwọn ìyá lẹ́rìn-ín, yóò fi orúkọ kí àwọn tó bá fóònù wọlé, lẹ́yìn náà ni yóò wá polówó àgúnmu rẹ̀. Rédíò náà kò gba àṣẹ lọ́wọ́ ìjọba. Gbogbo wa mọ̀, kò sì sẹ́ni tó kàn.

Lọ́dún tí ìyá Po-tsu kú, Ẹ̀gbọ́n Hong dárúkọ rẹ̀ lórí afẹ́fẹ́. Ó ní, "Àbúrò mi Po-tsu ní Hai-bue, mo gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀ o. Nu ojú ẹ nù. Bí ìyá ò bá sí mọ́, ẹ̀gbọ́n wà." Po-tsu fi apá nu ojú nítorí pé ọwọ́ rẹ̀ kún fún omi ìṣáwùrú. Àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ gan-an kò sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún un. Láti ọjọ́ náà lọ, bí Ẹ̀gbọ́n Hong bá sọ pé òkúta ń wo ikọ́, Po-tsu á lọ ṣa òkúta.

Khun-bok ọkọ rẹ̀, bàbá Siok-ting ọmọ wọn, jẹ́ èèyàn jẹ́jẹ́ tí ń wa ọkọ̀ lọ síbi tí a ti ń sin ìṣáwùrú. Wàhálà rẹ̀ kan ṣoṣo ni àtàǹpàkò ẹsẹ̀ tó máa ń wú, tí á pọ́n, tí aṣọ lásán kò ní lè kàn án. Ìdajì àwọn ọkùnrin abúlé wa ló ní irú àìsàn yìí. Dókítà fún un ní oògùn oníhóró. Kò pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí àyà rẹ̀ fi sú, tó pọ́n, tó ń yún un. Ó padà lọ láìjáfara. Dókítà gba oògùn náà lọ́wọ́ rẹ̀, ó kọ orúkọ rẹ̀ sórí káàdì kékeré kan, ó ní, "Bàbá, oògùn yìí kò bá ara yín mu. Ẹ ò gbọdọ̀ tún fi kan ẹnu láéláé. Lẹ́ẹ̀kejì, ó lè pa yín. Ibikíbi tí wọ́n bá ti fẹ́ fún yín lóògùn, káàdì yìí ni kí ẹ kọ́kọ́ yọ." Khun-bok fi káàdì náà sápò àyà, kò sì yọ ọ́ níbẹ̀.

Po-tsu ní, "Mo ti wí tẹ́lẹ̀. Oògùn òyìnbó nìyẹn." Ló bá fóònù Ẹ̀gbọ́n Hong. Lọ́jọ́ kẹta, agolo àgúnmu dé. Ewé àti egbò nìkan ni wọ́n ní ó wà nínú rẹ̀. Wọ́n ya àwòrán òkè àti igi páìnì sí ara agolo náà, ṣùgbọ́n wọn kò kọ orúkọ ohun kan tó wà nínú rẹ̀.

Khun-bok yí agolo náà lọ, ó yí i bọ̀. "Kí lorúkọ ohun tó wà níbẹ̀?"

"Ewé ni."

"Ewé wo?"

"Baba Siok-ting, ṣé ẹ fẹ́ lò ó ni àbí ẹ fẹ́ sọ ọ́ lórúkọ?"

"Mi ò ní lo ohun tí mi ò mọ̀. Dókítà ti kìlọ̀ fún mi." Ó gbé agolo náà kalẹ̀, ó bọ́ sóde.

Kí ni Po-tsu ṣe? Ó ń fi àgúnmu náà sínú ìrẹsì olómi tí Khun-bok máa ń mu láràárọ̀. Ó fi ata ilẹ̀ kún un kí ọkọ rẹ̀ má baà mọ̀ pé ó korò. Mi ò sọ pé ó kórìíra rẹ̀ o. Ó fẹ́ràn rẹ̀ gan-an, èyí gan-an ló sì fi ń tan ara rẹ̀ jẹ.

Ẹsẹ̀ náà kọ́kọ́ rọlẹ̀ lóòótọ́. Khun-bok ń rìn bí ọ̀dọ́mọkùnrin. Po-tsu wá jókòó sáàárín wa lábẹ́ àtíbàbà, ó ń ròyìn bí òun ṣe fi ọgbọ́n wo ọkọ òun sàn láìjẹ́ pé ó fura, a sì ń rẹ́rìn-ín. Èmi tí mò ń kọ ìwé yìí náà rẹ́rìn-ín, kí Ọlọ́run dárí jì mí. Gek-hun nìkan ni kò rẹ́rìn-ín. Òun nìkan ló ń tẹ̀lé Jésù láàárín wa nígbà náà.

Gek-hun ní, "Ìyá Siok-ting, ẹ sọ fún wọn. Àgbàlagbà ni wọ́n. Ara wọn ni."

"Gbọ́ ti ẹ! Ìwọ tí o gba Jésù, tó jẹ́ pé bó o bá kú kò sẹ́ni tó máa sunkún ẹ!" Po-tsu dá a lóhùn. Bí wọ́n ti máa ń fi àwọn onígbàgbọ́ ṣe yẹ̀yẹ́ níhìn-ín nìyẹn, nítorí pé wọn kì í sun tùràrí fún òkú.

"Ẹ máa sunkún mi dáadáa," ni Gek-hun wí. "Ta ló tún máa po tíì fún yín?" Àtíbàbà tún hó fún ẹ̀rín. Ṣùgbọ́n Gek-hun tún sọ ọ́ lẹ́ẹ̀kejì, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀: "Ohun tí ẹ ò lè bù sínú oúnjẹ níṣojú ẹni tó máa jẹ ẹ́, ẹ má pè é lóògùn."

Po-tsu kẹ́yìn sí i.

Lẹ́yìn nǹkan bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ara Khun-bok gbóná. Ó ní ojú ń ta òun, ọ̀fun ń dun òun. Àyà rẹ̀ tún sú, ó pọ́n ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ẹ̀rù kọ́kọ́ ba Po-tsu. Ó fóònù rédíò níṣojú gbogbo wa, ohùn òun àti ti Ẹ̀gbọ́n Hong sì jọ ń jáde lórí afẹ́fẹ́.

"Ẹ̀gbọ́n, ara bàbá ti sú o!"

"Ẹ kú oríire!" ni Ẹ̀gbọ́n Hong wí. "Májèlé ọgbọ̀n ọdún ló ń jáde yẹn. Bí a bá ń fọ kòtò, ṣé ìdọ̀tí ò ní ru sókè ni? Àbúrò mi, ẹ má dá a dúró. Ẹ sọ ọ́ di ìlọ́po méjì."

Àwa tó wà níbẹ̀ pàtẹ́wọ́. Po-tsu lọ sílé, ó sọ ọ́ di ìlọ́po méjì.

Lọ́jọ́ kejì, ẹnu Khun-bok ti di kìkì egbò. Ojú rẹ̀ kò ṣe é là. Ara tó pọ́n náà lé ròrò bí ara ẹni tí omi gbígbóná dà sí. Po-tsu mú aṣọ ìnura tútù, ó fẹ́ nu ẹ̀yìn rẹ̀, awọ ẹ̀yìn náà sì bá aṣọ wá. Igbe tí Po-tsu ké lọ́jọ́ náà, a gbọ́ ọ létí òkun.

Nílé ìwòsàn ńlá tó wà nílùú, níbi tí wọ́n sáré gbé e lọ, dókítà obìnrin kan rí káàdì inú àpò Khun-bok. Ó bi í léèrè bóyá ó tún lo oògùn náà. Khun-bok mi orí pé rárá. Dókítà wá kọjú sí Po-tsu.

"Ìyá, kí ni wọ́n lò láti oṣù kan sẹ́yìn? Oògùn, àgbo, àgúnmu, ohun tí wọ́n rà lọ́jà, ohunkóhun. Nǹkan kan ló ń bó wọn láwọ báyìí, a sì ní láti mọ̀ ọ́n ká lè dá a dúró. Mi ò ní bá yín wí."

Ọkọ rẹ̀ wà níbẹ̀. Ojú rẹ̀ dí, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ là. Siok-ting ọmọ wọn kan ṣoṣo náà ti wọ ọkọ̀ ojú irin láti àríwá, ó ń bọ̀.

"Wọn ò lo nǹkan kan," ni Po-tsu wí.

Agolo náà wà nínú báàgì tó gbé kọ́ apá. Ohun tí kò jẹ́ kó sọ̀rọ̀ kò ju ìtìjú lọ, mi ò ní fi orúkọ mìíràn pè é. Ó burú jù bẹ́ẹ̀ lọ: ọkàn rẹ̀ ṣì ń sọ fún un pé bóyá májèlé náà ni kò tíì jáde tán, pé kí òun bu díẹ̀ sínú omi tí wọ́n fi ń tọ́ ọ lẹ́nu. Ó ti ṣí agolo náà lẹ́ẹ̀kan. Ó tún un dé. Ó ní kí òun kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ẹ̀gbọ́n òun.

Ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, èmi Po-tsu ni."

"Po-tsu wo?"

"Po-tsu ti Hai-bue. Àbúrò yín." Ó sọ gbogbo rẹ̀ fún un, awọ tó bó, egbò ẹnu, títí kan ìrẹsì tó ń bù ú sí. "Ẹ dákun, ẹ sọ ohun tó wà nínú rẹ̀ fún mi, kí n lè sọ fún dókítà."

Ohùn tó dá a lóhùn kò dùn bí oyin mọ́. "Ìyá, mi ò mọ̀ yín. A ò ta nǹkan kan fún yín. Ṣé ẹ ní ìwé ẹ̀rí? Ẹ má pe nọ́ńbà yìí mọ́." Ó pa á.

Po-tsu ń wo fóònù náà. Ó pè é padà nígbà mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó gbé e.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, ó wá sí Hai-bue láti kó aṣọ, ó sì gba ẹ̀gbẹ́ àtíbàbà wa kọjá. Rédíò ń sọ̀rọ̀. Ẹ̀gbọ́n Hong ń wí pé, "Ẹ̀yin ìyá mi, ẹ ṣọ́ra fún ayé o. Obìnrin kan wà létí òkun tó fọwọ́ ara rẹ̀ ba oúnjẹ ọkọ rẹ̀ jẹ́, ó wá ń wá ẹni rere tó máa gbé e lé lórí." Ó mí kanlẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ orin.

Kò sẹ́ni tó lè wo ojú Po-tsu. Olúkúlùkù tẹjú mọ́ abọ́ rẹ̀. Gek-hun ló dìde tó pa rédíò náà. Nígbà tó wẹ̀yìn, Po-tsu ti jókòó sórí ilẹ̀ láàárín ìkarahun, kò sunkún, ó kàn la ẹnu sílẹ̀. Bí ẹnì kan bá ti dà ọ́ rí, o mọ ohun tí mò ń sọ. Àyà á kọ́kọ́ tutù nini. Omijé kì í tètè dé.

Gek-hun gbé e sẹ́yìn alùpùpù, ó ń gbé e lọ sílé ìwòsàn. Àárín ọ̀nà, létí adágún tí wọ́n ti ń sin ẹja, Po-tsu ní kó dúró. Ìgbà náà ni ẹkún dé.

"Ọdún mẹ́sàn-án, Gek-hun! Ẹ̀gbọ́n ni mò ń pè é! Ọdún mẹ́sàn-án!"

"Ó dà yín. Mi ò ní sọ pé kò dà yín."

"Ó ní òun ò mọ̀ mí! Ó fi mí ṣe ẹlẹ́yà lórí afẹ́fẹ́!"

"Mo gbọ́." Gek-hun jẹ́ kó sunkún dáadáa. Lẹ́yìn náà ó béèrè pé, "Baba Siok-ting ńkọ́? Ọdún mélòó ni wọ́n ti ń jẹun lọ́wọ́ yín?"

Po-tsu gbójú sókè, inú ń bí i. "Ṣé èmi àti oníjìbìtì yẹn lo wá so pọ̀?"

"Ìfẹ́ lẹ fi ṣe tiyín. Ṣùgbọ́n wọ́n gbẹ́kẹ̀ lé yín, ẹ sì fi í pa mọ́ fún wọn. Títí di ìsinsìnyí tí dókítà ń bi yín, ẹ ṣì ń fi í pa mọ́." Gek-hun bá a jókòó sétí ọ̀nà. "Ìyá Siok-ting, Jésù tí ẹ fi ń ṣe mí ní yẹ̀yẹ́, ìdí oúnjẹ ni wọ́n ti dà á. Ọ̀rẹ́ tí wọ́n jọ ń tọwọ́ bọ àwo kan náà ló tà á. Ó sì mọ̀ o. Ó mọ̀, ó ṣì bu òkèlè fún un."

"Kí ló dé tí kò lé e jáde?"

"Ààyè ló ń fún un, kó sọ tẹnu ẹ̀. Kò sọ ọ́. Ó jáde lọ, ó bá tirẹ̀ lọ. Jésù kú fún irú wa, èmi àti ẹ̀yin, ó sì jíǹde. Ó mọ ohun tí a bù sínú àwo ẹlòmíì, kò tíì lé wa dìde nídìí oúnjẹ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́dọ̀ sọ ọ́, Ìyá Siok-ting. Baba Siok-ting ò ní ọjọ́ púpọ̀ láti fi dúró dè yín."

Po-tsu dìde. Ó ní, "Jẹ́ ká máa lọ. Sáré."

Ó gbé agolo náà sórí tábìlì dókítà, ó sọ gbogbo rẹ̀ láìyọ ọ̀kan sílẹ̀. Dókítà kò bá a wí gẹ́gẹ́ bó ti ṣèlérí. Ó kàn mú agolo náà, ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa sáré. Nígbà tí àyẹ̀wò jáde, ohun tó wà nínú "ewé àti egbò nìkan" yìí ni oògùn kan náà gan-an tí orúkọ rẹ̀ wà lórí káàdì Khun-bok. Wọ́n ti lọ̀ ọ́ kúnná, wọ́n sì ti pò ó mọ́ ewé. Òun ló jẹ́ kí ẹsẹ̀ náà kọ́kọ́ rọlẹ̀.

Dókítà ní, "Ìyá, ẹ̀yin ni kí ẹ sọ fún bàbá. Kì í ṣe èmi."

Siok-ting wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bàbá rẹ̀ nígbà tí Po-tsu wọlé. Ó sọ ọ́ níṣojú àwọn méjèèjì. Ẹnu ń dun Khun-bok, ọ̀rọ̀ kò rọrùn.

"Nínú ìrẹsì?"

"Nínú ìrẹsì."

Ó yí ojú sí ògiri.

Láti ọjọ́ náà, kò gba omi lọ́wọ́ rẹ̀ mọ́. Bí nọ́ọ̀sì bá gbé e wá, á mu. Bí Siok-ting bá gbé e wá, á mu. Bó bá gbọ́ ẹsẹ̀ Po-tsu, á pa ẹnu mọ́. Kò bú u. Ìbá tiẹ̀ bú u, ìbá sàn. Po-tsu wá mọ bó ti rí lápá kejì: ohun tí Hong ṣe fún òun ni òun ṣe fún ọkùnrin yìí.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kẹta, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì nínú ọ̀dẹ̀dẹ̀, níbi tí àwọn èèyàn ti ń lọ tí wọ́n ń bọ̀, ó sì gbàdúrà. Gek-hun wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, òun ló sọ àdúrà náà fún mi bó ṣe rí. Ó ní, "Jésù, mi ò mọ bí wọ́n ṣe ń bá Ọ sọ̀rọ̀. Kò sí tùràrí lọ́wọ́ mi. Ẹni tí mo pè ní ẹ̀gbọ́n dà mí, èmi náà sì da ọkọ mi, mo tún purọ́ lé e. Bí Baba Siok-ting ò bá tiẹ̀ dárí jì mí mọ́, Ìwọ dárí jì mí. Mi ò ní fi nǹkan kan pa mọ́ fún Ọ mọ́." Àdúrà náà kò jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣùgbọ́n Gek-hun ní nígbà tó dìde, ó mí bí ẹni tí wọ́n sọ ẹrù kalẹ̀ lórí rẹ̀. Ó gba inú yàrá lọ, ó fọ aṣọ ọkọ rẹ̀, kò bẹ̀ ẹ́ pé kó bá òun sọ̀rọ̀.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ó gbé ife omi wá gẹ́gẹ́ bó ti ń ṣe lójoojúmọ́. Khun-bok gbọ́ ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó béèrè pé, "Kí ló wà nínú ẹ̀?"

"Omi ni, Baba Siok-ting. Omi nìkan ni."

Khun-bok la ẹnu, ó mu ún.

Ojú ọ̀tún Khun-bok kò ríran mọ́. Títí di òní, bí Po-tsu bá gbé oúnjẹ sílẹ̀ níwájú rẹ̀, yóò béèrè ohun tó wà nínú rẹ̀, Po-tsu á sì kà wọ́n fún un ní ọ̀kọ̀ọ̀kan, iyọ̀, ẹja, ata ilẹ̀, kì í bínú. Ọjọ́ Ìsinmi wọ́n jọ máa ń jókòó sórí àga ẹ̀yìn nínú ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀gbọ́n Hong? Ó ti yí orúkọ padà, ó sì tún ń kọrin níbòmíràn.

Ìwọ tí ò ń ka ìwé yìí, ṣé o ń lo oògùn? Sọ gbogbo ohun tí o ń lò fún dókítà rẹ, títí kan àgbo. Bí oògùn kan bá ti ṣe ara rẹ ní jàǹbá rí, mọ orúkọ rẹ̀, má sì gba ohun tí kò lórúkọ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, bí ohùn rẹ̀ ti wù kó dùn tó. Bí ara rẹ bá sú lẹ́yìn oògùn, tí ara gbóná, tí ojú pọ́n, tí ẹnu di egbò, tí awọ lé ròrò, má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé májèlé ló ń jáde. Gba ilé ìwòsàn lọ lójú ẹsẹ̀, kí o sì mú oògùn náà dání.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ bi ọ́ ní ohun kan sí i. Bóyá wọ́n ti dà ọ́, ọ̀rẹ́ ni, ẹbí ni, òjíṣẹ́ Ọlọ́run pàápàá lè jẹ́. Mo bá ọ kẹ́dùn, kì í ṣe kékeré. Ta ni ìwọ dà? Ta ló ń jẹun lọ́wọ́ rẹ báyìí tí kò mọ ohun tí o ṣe? Ẹ̀ṣẹ̀ tí o fi pa mọ́ ń bó ọ láwọ nínú, ìwọ sì ń sọ fún Olùwòsàn pé kò sí nǹkan kan. Ó ti mọ̀ tẹ́lẹ̀. Kì í ṣe láti bá ọ wí ló fi ń bi ọ́. Nítorí rẹ ni wọ́n ṣe kàn án mọ́ igi, ó fẹ́ wò ọ́ sàn.

Júdásì náà rò pé àyè ṣì wà. Má dìde níbi tí o jókòó sí kí o tó dá Jésù lóhùn.